Ṣé lóòótọ́ ni sọ́bùmaríìnì Jámánì dé Èkó nígbà ogun Hítílà?

Ọmọ_Ajílété:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Bàbá kan ní Tákíé níbí ló ń sọ pé nígbà ogun Hítílà, àwọn Jámánì gbé ọkọ̀ abẹ́ omi wá sí ẹnu òkun Èkó, la bá bú sẹ́rìn-ín, ṣé abẹ́ omi ni wọ́n ń gbà bọ̀ láti Yúróòpù ni, afẹ́fẹ́ wo ni wọ́n wá ń mí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ jàre.

Ará_Akẹ̀sán:
Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá o 😂 Òótọ́ ni. May 1941 ni U-69, sọ́bùmaríìnì Jámánì kan, wá da bọ́ǹbù sínú omi lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó, wọ́n ṣe Takoradi ní Ghana náà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń kó iyanrìn kúrò lọ́nà omi, Robert Hughes, òun ló kó sí i, ó sì rì ní June. Àwa kọ́ ni wọ́n ń bá jà o, ẹrù tí Òyìnbó ń kó lọ ni wọ́n fẹ́ dí lọ́nà. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster tó ń kó èrò láti Liverpool wá sọ́dọ̀ wa náà ò yọ nínú ẹ̀, sọ́bùmaríìnì U-34 yin ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Accra rì ní 1940, U-575 yin Abosso ní 1942. Kódà ọkọ̀ wọn Falaba ti lọ látinú ogun àkọ́kọ́, March 1915.

Ẹnjiníà_Ọ̀yọ́:
Ti afẹ́fẹ́ yẹn, orí omi lọkọ̀ ìgbà náà ti ń rìn jù o. Ẹ́ńjìnì dísẹ̀lì ló ní, ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí wọ́n tì pa? Tó bá ti wọlẹ̀, bátìrì ló kù, ìrìn ẹ̀ á wá falẹ̀ bí nǹkan míì, tó bá dalẹ́ wọ́n á tún gòkè wá ṣáàjì. Sọ́bùmaríìnì Nautilus tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1954 ló yí i padà, núkílíà ló ń lò, kò nílò afẹ́fẹ́ rárá, August 1958 ló gba abẹ́ yìnyín North Pole kọjá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí, inú omi náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí, oúnjẹ nìkan ló ń lé wọn wálé.

Ọmọ_Ajílété:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ogun ti wá parí, kí ni wọ́n ṣì ń fi ṣe?

Ẹnjiníà_Ọ̀yọ́:
Mísáìlì ni wọ́n fi ń gbé kiri, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó wà. Àmọ́ ó ń pààyàn láìsí ogun náà o. Thresher ti Amẹ́ríkà, 1963, èèyàn 129. Kursk ti Rọ́ṣíà, August 2000, tọ́pídò tiẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n ń yìn gba inú omi, ló bú mọ́ ọn nínú, èèyàn 118, mẹ́tàlélógún nínú wọn ti sá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀gá kan níbẹ̀ kọ orúkọ wọn sórí bébà kí wọ́n tó kú. Èmi ò wọ̀ ọ́ láéláé.

Ará_Akẹ̀sán:
Nàìjíríà náà ò ní in. Tẹ́ ẹ bá yọ àwọn Íjíbítì àti Algeria lókè lọ́hùn-ún, South Africa ló ní mẹ́ta, Jámánì yìí kan náà ló ṣe é fún wọn 😄