Wíwo ẹyẹ létí òkun ní ìdájí nígbà ìrúwé: ìgbà wo ni kí n débẹ̀?

AwẹyẹTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹyẹ. Mo fẹ́ lọ wo àwọn ẹyẹ aṣíkiri létí òkun láàárọ̀ kùtù nígbà ìrúwé. Awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì, 8x42 (ìlọ́po 8 ló ń sọ nǹkan di ńlá, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 42), ni mo ní. Ṣé ó tó? Aago mélòó ni kí n débẹ̀? Etíkun náà kọjú sí ìlà oòrùn.

Etídò:
Ẹ má tíì wo aago. Ìgbà tí òkun máa kún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ lórí ẹrẹ̀ á ti bá a lọ jìnnà. Bó bá ń kún bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa lé wọn wá bá yín. Ẹ débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kó tó kún tán, ẹ jókòó, ẹ má rìn káàkiri. Lójoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i, torí náà àkókò àná ò wúlò fún òní.

Ti ìlà oòrùn yẹn le díẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ni kí ẹ wo ojú òkun, torí tó bá ti yọ, gbogbo ẹyẹ orí omi á dúdú lójú yín. Nígbà náà, ẹ wo apá ọ̀tún àti apá òsì etíkun, tàbí kí ẹ kẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ wo inú igbó kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké ló ń fi òru ṣíkiri. Bí òjò tàbí afẹ́fẹ́ bá dojú kọ wọ́n lórí òkun, igbó àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kàn ni wọ́n máa ń bà sí.

Awò42:
8x42 tó dáadáa. Ìlọ́po 10 máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ bí afẹ́fẹ́ bá le. Bí ẹ bá rí awò olójú kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta yá, ẹ fi ìlọ́po 20 sí 30 bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, 60 á kàn sọ ẹyẹ di ohun tó ń jó lójú ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì tí omi òkun ta sí. Iyọ̀ àti iyanrìn á ha á. Ẹ fẹ́ iyanrìn kúrò, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tí kò níyọ̀ nù ún, kí ẹ tó wá lo èyí tó gbẹ.

AwẹyẹTuntun:
Ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ tern (ẹyẹ etí òkun kan) yàtọ̀ sí ẹyẹ àkẹ̀ (gull)?

Etídò:
Tern rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ là sí méjì, ó máa ń dojú ẹnu kọ ìsàlẹ̀ bó ṣe ń fò, á sì ré lulẹ̀ wọnú omi lójijì. Ẹyẹ àkẹ̀ tóbi, apá rẹ̀ fẹ̀, ó sì fẹ́ràn kó léfòó.

Ohun kan tún wà. Òkè ibi tí omi ń kún dé ni tern àti plover (ẹyẹ kékeré kan tó ń sáré lórí iyanrìn) ń yé sí, lórí iyanrìn lásán, ẹyin wọn sì jọ òkúta wẹ́wẹ́. Orí iyanrìn tútù ni kí ẹ máa rìn. Bí plover bá ń wọ́ apá nílẹ̀ bíi pé ó ti kán, ẹ ti sún mọ́ ẹyin tàbí ọmọ rẹ̀ jù. Ẹ gba ojú ẹsẹ̀ yín padà.

Awò42:
Kí n fi kún un: oríṣi tern méjì kan wà tó jọra. Ẹnu Common tern pupa, ṣóńṣó rẹ̀ sì sábà máa ń dúdú. Ti Arctic tern pupa látòkèdélẹ̀. Bí ó bá jìnnà tí ẹ ò rí ẹnu náà, “tern” nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀.