Ẹ dákun, ibo ni mo ti lè kọ́ kọ̀ǹpútà kíákíá n'Ífẹ̀ yìí?

Ìyá Téní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà dáadáa n'Ífẹ̀? Kíákíá ni mo fẹ́ ẹ o, òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa níbi iṣẹ́. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Ìlódè: Lágere ni kẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ẹ béèrè ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe JAMB. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n.

Sísí Párákin: Èwo nínú wọn? Tó bá jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ oníbúrẹ́dì lẹ̀ ń wí, wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìlódè: Èmi ò sọ ti oníbúrẹ́dì. Ti òdìkejì ni.

Bọ̀dá Wáyà: Kó tó di pé ẹ ń kọ́ nǹkan, ṣé ẹ ní laptop? Ẹ má ra èyí tí RAM ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kéré sí 8GB o. Kẹ́ ẹ sì rí i pé SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe hard disk àtijọ́ tó máa ń pẹ́ kó tó jí. Mo ní tòkúnbọ̀ méjì nílẹ̀, ẹ kàn sí mi.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: Ìyá Téní, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín. Mo sanwó oṣù mẹ́ta síbì kan nílùú yìí, wọ́n ní dípúlómà ni. Gbogbo oṣù kìíní, pátákó la kọjú sí. Kí ni monitor, kí ni mouse, ta ló ṣe kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká ya keyboard sínú ìwé. Mo yà á, mo kọ gbogbo lẹ́tà sí i, tíṣà sàmì sí i pé mo ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ n ò tíì fọwọ́ kan keyboard gidi rárá! Tí ò bá síná, àwa la ó dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Ìwé ẹ̀rí náà, owó ọ̀tọ̀, wọ́n sì ṣi orúkọ mi kọ. Ìgbà tí mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ṣí Excel, tí wọ́n fi ń to nǹkan sínú tábìlì tí wọ́n sì fi ń ṣírò, fún mi, wọ́n ní kí n ro iye owó kan pọ̀. Fóònù ni mo yọ, mo ń fi kalikulétọ̀ rò ó. Ojú tì mí débi pé n kò dúró gba owó ọkọ̀.

Sísí Párákin: Yéè! Ibo nìyẹn? Ẹ dárúkọ wọn.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá yẹn mọ ilé wa.

Ọmọ Ìlódè: Mo ti mọ̀ wọ́n. Ti Sábó ni.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: Kì í ṣe Sábó o. Ẹ má kó bá mi.

Tíṣà Mayfair: Èmi náà ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ẹ ó sanwó lónìí, ẹ ò ní wá lọ́la, lóṣù tó ń bọ̀ ẹ ó ní wọn ò kọ́ yín. Ṣé ẹ mọ iye tí epo jẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní dánra wò nílé.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: Kí ni n bá fi dánra wò nílé, sà? Keyboard tí mo yà sínú ìwé?

Sísí Párákin: Háà, mo kú o 😂😂

Tíṣà Mayfair: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa kọ́ là ń ya keyboard.

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì: Kí ló dé tí wọn ò forúkọ sílẹ̀ fún 3MTT, ètò ìjọba tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? Ọ̀fẹ́ ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí Bosun Tijani jẹ́ mínísítà ẹ̀ ló gbé e jáde ní 2023, mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ni wọ́n lérò àtikọ́. Iléeṣẹ́ Cisco náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Sísí Párákin: Wọ́n máa ń yan èèyàn wọlé ìpele-ìpele ni, àbúrò. Ẹni tó ní kíákíá ni.

Bàbá Ẹnuwá: Ṣebí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ìkẹ́kọ̀ọ́ yẹn, fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní 2013? Ká ní a tẹ̀ lé e ni, ìran tó gbà á nígbà náà ìbá ti máa kọ́ wa báyìí.

Ọmọ Ìlódè: Bàbá, a kì í ṣe ìpolongo ìbò níbí o.

Alábòójútó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè.

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì: Lóòótọ́, kí wọ́n gbàgbé Excel, AI ni kí wọ́n kọ́. AI ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Àǹtí Mọ̀ọ́rẹ̀: Kò sẹ́ni tó dárúkọ Excel fún ìyá yìí rí, ẹ̀yin lẹ̀ ń dárúkọ ẹ̀. Ìyá Téní, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?

Ìyá Téní: Ẹ ṣé, mà. Mo wà ní rẹ́kọ́ọ̀dù nílé ìwòsàn aládàáni kan. Ìwé ńlá la fi ń kọ orúkọ aláìsàn àti nọ́ńbà káàdì. Wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, Excel ni, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, àwọn ò mọ ohun tí àwọn máa fi í ṣe. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí o.

Àǹtí Mọ̀ọ́rẹ̀: Ó yé mi wàyí. Ẹ má sanwó oṣù mẹ́ta síbì kankan, iṣẹ́ yín ò nílò CorelDraw tí wọ́n fi ń ya àwòrán. Rẹ́kọ́ọ̀dù lèmi náà ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó kọ́kọ́ dà wá láàmú nígbà tá a bọ́ sórí Excel ni nọ́ńbà káàdì. Ẹ ó tẹ 00231, ẹ ó tẹ Enter, òdo méjèèjì á pòórá, á ku 231. Nọ́ńbà fóònù náà nìyẹn, 080 á di 80. Ẹ kọ́kọ́ yan column yẹn, ìyẹn ìlà tó lọ látòkè dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di Text kó má baà kà á sí nọ́ńbà, kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i. Déètì ló tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà míì ń kà á bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. Aboyún tó wá lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin, tẹ́ ẹ tẹ 3/4 fún, kọ̀ǹpútà á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ló wá. Ẹ rò ó wò nígbà tí dókítà bá ń ṣírò oyún.

Èyí tó léwu jù ni Sort, ìyẹn títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ má sort column kan ṣoṣo láé! Orúkọ á tò bí A, B, D, nọ́ńbà káàdì á dúró síbi tó wà, irú ẹ̀jẹ̀ Àdùkẹ́ á di ti Bísí. Tí Excel bá bi yín bóyá kó mú àwọn column tó kù mọ́ ọn, ẹ gbà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ Filter tó ń fi èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nìkan hàn, ẹ kọ́ Freeze Panes kí àkọlé òkè má baà sá lọ, àti COUNTIF tẹ́ ẹ ó fi ka iye ẹni tí ibà gbé wá. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ aláìsàn gidi dánra wò nílé tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023.

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì: Àǹtí, VLOOKUP tó ń bá èèyàn wá nǹkan nínú tábìlì ńkọ́? Tàbí XLOOKUP pàápàá.

Àǹtí Mọ̀ọ́rẹ̀: XLOOKUP ò sí nínú Excel 2016, àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kì í sì í tuntun. Jẹ́ kí ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì wọn ná.

Tíṣà Mayfair: Mo lè kọ́ wọn ní gbogbo ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ní ìdajì owó. Kí wọ́n wá wo ibi mi.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: Ẹ kọ́kọ́ ka iye kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o.

Tíṣà Mayfair: Ìwọ arákùnrin yìí, kí ni mo ṣe fún ọ?

Sísí Párákin: YouTube ti tó fún wọn jàre.

Ọmọ Ìlódè: Ta ló máa ra dátà? Ìwọ?

Ìyá Téní (lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀): Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti rí ẹni. Àgùnbánirọ̀ kan wà nílé wa, ó ní laptop, ó ní òun á máa kọ́ mi lálaalẹ́ tí iná bá ti wà, kí n ṣáà máa fún òun lóúnjẹ alẹ́. N ò lè máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Lágere lẹ́yìn iṣẹ́. A bẹ̀rẹ̀ lánàá. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ òdo yẹn, Àǹtí Mọ̀ọ́rẹ̀, òun gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Tíṣà Mayfair: Ẹ rí nǹkan! Ẹni tí ò mọ òdo ló fẹ́ kọ́ yín.

Àǹtí Mọ̀ọ́rẹ̀: Ẹ tẹ̀ mí láago tẹ́ ẹ bá dé orí Sort. Ẹ má dán an wò kí n tó gbé e.

Akọ̀wé Ìrẹ̀mọ: Ẹ má jẹ́ kí òun nìkan máa tẹ̀ ẹ́ o, kẹ́ ẹ kàn máa wò ó. Ẹ gba mouse lọ́wọ́ ẹ̀.

Bọ̀dá Wáyà: Àwọn laptop yẹn ti ku ẹyọ kan o.