Ìmọ̀ràn: fíìmù kaboi tó fi ìgboyà àti ìforítì hàn

Alága Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá fíìmù kaboi kan tí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 14 sí 17 lè wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ká sì jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni àti ìforítì ni mo fẹ́ kí wọ́n rí, kì í ṣe ìbọn lásán. Wákàtí méjì àbọ̀ péré la ní. Èwo ni kí n mú?

Bàbá Sinimá: High Noon ti ọdún 1952. Ìṣẹ́jú 85 ni, àyè á ṣẹ́ kù dáadáa fún ọ̀rọ̀ sísọ. Will Kane, ọ̀gá agbófinró ìlú Hadleyville, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ó sì ti ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ni ìròyìn bá dé pé Frank Miller, ọ̀daràn tó mú sẹ́wọ̀n, ń bọ̀ wá gbẹ̀san nínú ọkọ̀ ojú irin aago méjìlá ọ̀sán. Ó ń wá ẹni tó máa bá a dúró kiri ìlú. Adájọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fara pa mọ́ sínú ilé, ó ní kí ìyàwó òun sọ pé òun ò sí nílé.

Ẹ dá fíìmù dúró níbi tó ti gborí lé tábìlì nínú ọ́fíìsì, tí ọmọkùnrin kékeré kan wọlé pé òun á bá a jà. Kane ní kó máa lọ sílé. Òógùn bo ojú Gary Cooper, òṣèré tó ṣe Kane, ẹ̀rù hàn níbẹ̀ kedere, síbẹ̀ ó kọ ìwé ìhágún rẹ̀, ó sì jáde. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ náà bóyá ẹni tẹ́rù ń bà lè jẹ́ akin.

Ìyá Olùkọ́: Ẹ ṣeun, Bàbá, àmọ́ àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? True Grit ti ọdún 2010 ni tèmi, ìṣẹ́jú 110. Mattie Ross, ọmọ ọdún 14, ń lépa ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti ń ná ọjà pẹ̀lú oníṣòwò ẹṣin ní Fort Smith: kò pariwo, kò sunkún. Ó mọ ìṣirò, ó mọ òfin, ó sì dárúkọ lọ́yà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwọn agbófinró méjì tó ń lépa ọ̀daràn náà sì kọ̀ láti jẹ́ kó bá wọn kọjá odò, ó da ẹṣin rẹ̀ sómi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín o: wọ́n so èèyàn kọ́ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹnì kan nínú ahéré. Ẹ lè fo ti ahéré yẹn.

Adé Kámẹ́rà: Ní ti ìforítì, kò sí bíi Dude, igbákejì ọ̀gá agbófinró, nínú Rio Bravo (1959). Ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè wé sìgá. Ó gbìyànjú, ó tún ṣubú, inú sì bí i, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ìgbà tó gbọ́ orin tí àwọn ọ̀tá ní kí wọ́n máa lù sí wọn létí ló da wisikí inú ife padà sínú ìgò, kò sì ta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 141 ti pọ̀ jù fún yín, mà á ní kẹ́ ẹ wo apá yẹn nìkan, àti ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ ti fi hàn bó ṣe wà kó tó yí padà. Láìsí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, dída ọtí padà ò ní yé wọn.

Bàbá Sinimá: Ìyá Olùkọ́, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé Amy, ìyàwó Kane. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kó gbé ìbọn rárá. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin tán kó tó gbọ́ ìró ìbọn, ló bá bọ́ọ́lẹ̀, ó sáré padà. Òun ló yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Miller. Alága, ẹ tètè sọ fún wọn pé dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń pa ojú dé tí wọ́n bá rí i. Ẹ tan ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, ohùn wọn kì í tètè yé èèyàn. Kẹ́ ẹ sì ní kí ẹnì kan máa ka iye ìgbà tí aago ara ògiri bá yọ.

Alága Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́: Ẹ ṣeun gan-an. High Noon ni mo mú, àti ibi ìnájà Mattie nìkan lẹ́yìn rẹ̀.