Ìmọ̀ ni àbí ọwọ́ yíyá?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ṣé ìmọ̀ nìkan ni Ken Jennings fi borí nígbà 74 léraléra nínú Jeopardy!, ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, lọ́dún 2004?

Èsì: Rárá o, mímọ ìgbà tó yẹ kéèyàn tẹ bọ́tìnnì láti dáhùn náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì kí olóòtú tó ka ìbéèrè tán, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tì í pa fún ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, ẹlòmíràn á sì ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èsì: John Carpenter ló wú mi lórí ní tèmi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n mìíràn, Who Wants to Be a Millionaire ti Amẹ́ríkà, nígbà tí ìbéèrè mílíọ̀nù kan dọ́là kàn án, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, kì í ṣe láti wá ìdáhùn, bí kò ṣe láti sọ fún un pé òun fẹ́ gba owó náà. Ẹ gbọ́, irú àyà wo nìyẹn!

Olùbéèrè: Ó láyà lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè 15 péré ló dáhùn.