Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: eré "níbo nìyí?" fún àwọn ọmọ SS1 n'Ífẹ̀

Tíṣà_Mọ̀ọ̀rè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì kan níbí n'Ífẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lé mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ máa gbé fọ́tò ìlú kan síwájú wọn, kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sọ ibi tó wà láyé. Fóònù tèmi nìkan ló wà, dátà ò sì rọrùn. Kí ni kí n lò, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Sùúrù_Lágéré: GeoGuessr ni, tíṣà. Ará Sweden kan, Anton Wallén, ló gbé e jáde ní 2013. Fọ́tò títì tí mọ́tò Google ń yà káàkiri ló ń lò. Wọ́n á já yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà kan, ẹ ó wò yíká, ẹ ó wá tẹ ibi tó bá wá sí yín lọ́kàn lórí máàpù. Bí ẹ bá ṣe súnmọ́ ọn tó ni máàkì yín ṣe máa pọ̀ tó. 5,000 ni òkè téńté.

Ìyá_Ìbejì_Ìlódè: Sùúrù, ṣé o tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ? Wọ́n ní dátà ò rọrùn! GeoGuessr ń gbowó, owó òkè òkun sì ni. OpenGuessr wà lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ òun náà á jẹ dátà. Tíṣà, TimeGuessr ni kí ẹ mú: fọ́tò márùn-ún lójúmọ́, ọmọ á sọ ibi tí wọ́n ti yà á àti ọdún tí wọ́n yà á. Ẹ gba fọ́tò náà sílẹ̀ nílé lálẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó tán.

Ọmọ_Obòkun: Iléṣà ni mo wà, ẹ jẹ́ n dá sí i. Èmi ò ní dárúkọ géèmù kankan. Ojú ọmọ ló yẹ kí ẹ kọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọwọ́ tí ọkọ̀ ń tọ̀. Òsì ni àbí ọ̀tún? Kẹ́ńyà, Uganda, South Africa, Íńdíà, Japan, òsì ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, nọ́mbà ọkọ̀. Tiwa funfun, lẹ́tà búlúù fún ọkọ̀ aládàáni, pupa fún ọkọ̀ akérò. Bí nọ́mbà bá jẹ́ yẹ́lò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ ronú kan Netherlands.

Àwọn aládùúgbò wa ló máa ń dààmú àwọn ọmọ jù. Ilẹ̀ pupa, páànù tó ti dípẹtà, igi máńgòrò: Ifẹ̀ lè ni, Kumasi lè ni. Takisí ni kí wọ́n wá. Ní Ghana, wọ́n máa ń kun igun takisí ní yẹ́lò tàbí àwọ̀ ọsàn. Ní Kútọnu, ẹ̀wù yẹ́lò wà lọ́rùn ọlọ́kadà. Kí wọ́n tún wo nọ́mbà fóònù lára pátákó: +234 tiwa, +233 Ghana, +229 Benin.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì abẹ́ lẹ́tà o. Ọmọ tó bá rí ẹ àti ọ á ti ké pé ilé Yorùbá ni, bẹ́ẹ̀ Vietnam náà ń kọ méjèèjì. Kó wá ṣ. Vietnam ò ní in.

Sùúrù_Lágéré: Oòrùn ńkọ́? Bí oòrùn ọ̀sán bá wà ní gúúsù, apá àríwá ayé nìyẹn.

Ọmọ_Obòkun: Fún London, bẹ́ẹ̀ ni. N'Ífẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wa máa ń wà. Ní oṣù Kejìlá, gúúsù. A ti súnmọ́ agbedeméjì ayé jù.

Bàbá_Onífọ́tò: Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn, ẹ wo ọjọ́ orí fọ́tò kí ẹ tó lò ó. Ọwọ́ òsì làwa náà ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 la bọ́ sí ọ̀tún. Ghana tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ 1974. Ẹni tó bá rí fọ́tò Èkó àtijọ́ tí mọ́tò ń tọ òsì, kó má sá lọ sí Kẹ́ńyà.

Tíṣà, ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn o, ìkókó Ifẹ̀ mọ ìyẹn. Ẹ lọ ya ilé Humanities ní OAU. Àjà tòkè yọ jáde ju tìsàlẹ̀ lọ, kí oòrùn àti òjò má baà ráyè wọlé. Arieh Sharon ará Israel, tó kàwé ní Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà àti ilé yíyà kan ní Jámánì, ló ya àwòrán ilé náà. Ẹ yà á kí èèyàn kankan má hàn, kí ẹ wá ka iye ọmọ tó máa ní Brazil ni.

Ìyá_Ìbejì_Ìlódè: Ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn ọmọ bá máa mú fọ́tò tiwọn wá, kí wọ́n má fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì lórí WhatsApp. Fóònù lè ti kọ ibi tí wọ́n ti yà á sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á yọ ọ́. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ó di pé ẹni tó gbà á mọ ojúlé yín. Olè lè lò ó, ọmọ tó fẹ́ ṣe màgòmágó náà lè lò ó.

Tíṣà_Mọ̀ọ̀rè: Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Iléṣà, Màmá Ìbejì, mo dúpẹ́. Ti OAU lọ́jọ́ Ẹtì yìí, Kumasi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, TimeGuessr lẹ́yìn ìyẹn. Sùúrù, má bínú, GeoGuessr di ìgbà tí iléèwé bá ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Sùúrù_Lágéré: Kò sí wàhálà. Ẹ mú èyí ná: títì eléruku pupa, ọkọ̀ ń tọ òsì, páìpù dúdú kan yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú mọ́tò Google.

Ọmọ_Obòkun: Kẹ́ńyà. Mọ́tò tí Google fi ya fọ́tò níbẹ̀ ló ní páìpù yẹn, òun ló tú u fó. Mú èyí tó le wá.