Django: profáìlì àwọn aládìrẹ ń gbé 404 wá

Ará Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáìtì tí àwọn aládìrẹ yóò fi máa pàtẹ ọjà ni mò ń fi Django (irinṣẹ́ Python fún kíkọ́ sáìtì) kọ́, kálukú pẹ̀lú ojú ìwé tirẹ̀. urls.py, fáìlì tó ń darí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, rèé:

path('<slug:username>/', profaili),
path('wole/', wole),

/olusola/ ń ṣí. /Olúṣọlá/ àti /iya.adire/ kò ṣí. /wole/ gan-an, tí wọ́n ń gbà wọlé, 404 ("a kò rí ojú ìwé") ni. Kí ló dé?

Ará Láfẹ́nwá:
Ọ̀ràn méjì ló lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ fi DEBUG = True (ètò tó ń fi àlàyé àṣìṣe hàn) sílẹ̀, kí ẹ ka ojú ìwé 404 náà. Bó bá to àwọn path yín sílẹ̀ pé kò séyìí tó bá a mu, àdírẹ́sì náà ò dé inú view (kóòdù tó ń dá àdírẹ́sì lóhùn) rárá. Bó bá kọ "No User matches the given query", ó débẹ̀, orúkọ ni kò rí nínú database.

Ìkejì yìí ló ń ṣe /wole/. Òkè ni Django ti ń ka urlpatterns (àkójọ àwọn path yín) bọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló ń mú, kì í sì í padà wo ìyókù, kódà kí view da 404 sílẹ̀. Ó ń wá aládìrẹ tó ń jẹ́ "wole" kiri! Ẹ gbé profáìlì lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó wù mí jù ni 'iso/<…>/', torí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ bíi "wole" tàbí "admin", kò sẹ́ni tó máa rí ìsọ̀ rẹ̀.

Ará Kútọ̀:
Ti ìyókù: a dé z, A dé Z, 0 dé 9, - àti _ nìkan ni slug ń gbà. Username Django ń gba ọ, ṣ, àmì ìdánudúró àti @. Ẹ lo <str:username>. / nìkan ni kì í gbà.

Ará Ìtòkú:
Ó ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣeun. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ Adérẹ̀mí, ó sì gba Olúṣọlá.

Ará Kútọ̀:
ẹ̀ ló fà á. ú, ṣ, ọ, á, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kóòdù Unicode kan ṣoṣo. ẹ̀ ò ní tirẹ̀: ẹ ni, tí U+0300 (àmì ohùn ìsàlẹ̀) wá gùn ún. NFKC, ìlànà Unicode tó ń pa lẹ́tà àti àmì pọ̀, tí Django ń lò kò rí ohun tó máa pa wọ́n pọ̀ sí, \w Python (àmì tó dúró fún lẹ́tà nínú regex) kò sì ka àmì ohùn tó dá dúró sí lẹ́tà, ni UnicodeUsernameValidator, tó ń yẹ username wò, bá kọ̀ ọ́. Ẹ ya pápá méjì: username tí kò lámì fún àdírẹ́sì, orúkọ ìsọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún ojú ìwé. Bí ẹ bá tún fòfin de àmì ìdánudúró, @ àti + nínú username, ẹ lè dá slug padà.