Ẹ gbà mí o, iyùn òkun inú táǹkì ẹja mi ń funfun lójú mi!

Ọmọ Àjílété, Houston
Ẹ̀yin ará ilé, ta ló ṣì lajú sílẹ̀? Mo yọ iná T5 (fúlórẹ́sẹ́ǹtì tín-ínrín) onígílóòbù 4 kúrò lórí táǹkì mi ní Sátidé, mo gbé LED tuntun 2 sí i. Òní Wẹ́sidé, Acropora 2 (iyùn ẹlẹ́ka) tó wà lókè òkúta ti funfun bí ẹfun. Iyùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní torch ká ọwọ́ rẹ̀ wọlé, kò yọ ọ́ mọ́. Táǹkì gálọ́ọ̀nù 75 ni, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn. Ìwọ̀n iyọ̀ omi 1.025, ooru 78°F, àwọn ẹja ń jẹun wọn. Ọjọ́ 4 péré ló kù tí ọlọ́jà fi lè gba iná yìí padà. Ṣé kí n dá a padà, àbí kí n ní sùúrù? Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò tíì mọ iye tí mo rà á.

Àǹtí Calgary
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Mélòó lo tàn án sí?

Ọmọ Àjílété, Houston
100%, mà. Búlúù àti funfun lápapọ̀, aago 9 àárọ̀ sí 9 alẹ́. Ó rí ṣókùnṣókùn lójú mi ni mo fi gbé e dókè.

Àǹtí Calgary
Yéè! Lọ dín in kù ná kó o tó ka èyí tó kù. 30%. Lọ báyìí.

Bọ̀dá Akẹ́sán, Manchester
Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo wa ti san owó ilé-ìwé. Acropora 6 ni èmi fi san tèmi. Ojú èèyàn kì í rí búlúù dáadáa. Ohun tí ojú ń pè ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán gangan ni lára iyùn. PAR, ìyẹn ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò, la fi ń wọn iná iyùn, a kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Àwọn iyùn bíi mushroom àti zoa, 50 sí 100 ti tó wọn. Hammer àti torch, 100 sí 150. Acropora ló ń fẹ́ 250 sí 350, ìyẹn náà tó bá ti mọ́ ọn lára. LED 2 ní 100%, ó lè kọjá 500 lórí òkúta yẹn láìfura. Íǹsì mélòó ló fi ga sí omi? Àwọn gílóòbù T5 tó o yọ ńkọ́, ó ti tó oṣù mélòó?

Ọmọ Àjílété, Houston
Íǹsì 5, sà. Àwọn gílóòbù yẹn á tó oṣù 16.

Bọ̀dá Akẹ́sán, Manchester
Ó parí. T5 kì í kọjá oṣù 9 sí 12 kó tó rẹ̀. Ó ṣì ń tàn lóòótọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ ti lọ, àwọ̀ rẹ̀ náà ti yẹ̀. Inú òkùnkùn ni àwọn iyùn yẹn ti ń gbé láti nǹkan bí oṣù 4, o wá ti ibẹ̀ tì wọ́n sínú oòrùn. Gbé iná náà ga sí íǹsì 10 sí 12. Yóò tàn ká, kò ní máa jó ojú kan ṣoṣo.

Dọ́kítà Ẹja, Dublin
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí o. Èmi ò ní fọwọ́ kan agbára iná. Wákàtí ni màá gé, kó di 4 lóòjọ́. Àròpọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ni iyùn ń kà.

Àǹtí Calgary
Dọ́kítà, rárá o. Ẹni tí omi gbígbóná bó lọ́wọ́, ṣé wàá ní kó máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 4 dípò 12? Agbára tó pọ̀ jù ló ń jẹ́ kí ẹran iyùn lé ewé wẹ́wẹ́ inú ara rẹ̀ tó fún un láwọ̀ jáde. Wákàtí kan ní 500 ṣì burú fún èyí tí 100 ti mọ́ lára. Agbára ni kó kọ́kọ́ dín. Wákàtí lè wà ní 8: 2 fún gígòkè díẹ̀díẹ̀, 4 lókè, 2 fún sísọ̀ kalẹ̀.

Dọ́kítà Ẹja, Dublin
Ó dáa, mo gbà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n iná nìkan kọ́. Àbúrò, alk, ìyẹn agbára omi láti kojú ásíìdì, ńkọ́? Nitrate? Phosphate?

Ọmọ Àjílété, Houston
Alk 11. Nitrate 0, phosphate 0. Inú mi ń dùn pé omi mi mọ́ ni.

Dọ́kítà Ẹja, Dublin
Ẹ rí i? Omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ebi ló wà nínú rẹ̀. Iná ńlá, alk gíga, oúnjẹ òfo: orí ẹ̀ka Acropora á jó ni. Jẹ́ kí alk sọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sí 8 tàbí 8.5, má fi ipá fà á. Fún ẹja lóúnjẹ dáadáa, kí nitrate dé 5, phosphate 0.05.

Àǹtí Calgary
Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n alk ò lè fọ iyùn funfun láàárín ọjọ́ 4. Iná ni.

Dọ́kítà Ẹja, Dublin
Méjèèjì ni.

Àǹtí Calgary
Iná ni, jàre.

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìjà o. Ilé ni èmi wà ní tèmi. Ọmọ mi, kó o tó ju Acropora yẹn nù, dúró dìgbà tí iná bá ti kú, kó o wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tó o bá rí ẹnu wẹ́wẹ́ tó ń yọ jáde bí ìrun, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣì bo egungun rẹ̀, ó wà láàyè, ó kàn ṣí aṣọ ni. Tí ẹran bá ń bó láti ìdí lọ sókè, tí egungun ń hàn gbangba, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, iná kọ́. Èyí tó ṣì wà láàyè, gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́ẹ̀kan, kó o fi í sílẹ̀. Má máa gbé e kiri lójoojúmọ́.

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹni tí iná rẹ̀ ò ní bọ́tìnnì ìdínkù, kó lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé. Ìpele 3, kó yọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Onírọ́bà ni o, kì í ṣe onírin. Iyọ̀ á jẹ onírin, ìpẹtà rẹ̀ á já sínú omi.

Àǹtí Calgary
Ẹ ṣé, sà. Houston, láti 30% yẹn, fi 5% kún un lọ́sẹ̀ kan. Tí iyùn bá tún ń funfun, padà sẹ́yìn, kó o dúró ọ̀sẹ̀ 2. Funfun má kọjá 15%. Pupa àti gíríìnì, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ewé burúkú ni wọ́n máa ń bọ́. Lọ yá mítà PAR lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹja tàbí ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin iyùn. Áàpù fóònù ò mọ búlúù kà.

Ọmọ Àjílété, Houston
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ta ló ní mítà ní Houston? Bàbá, ṣé kí n fi T5 àtijọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín sílé?

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Má dán an wò. Bálásì rẹ (àpótí tó ń tan gílóòbù) 120V ni, 230V tiwa á sun ún kó o tó sọ pé kí ni. LED ló dáa. Tí ara bíríkì tó ń fún un níná bá kọ 100–240V, orí púlọ́ọ̀gì nìkan la máa pààrọ̀. Invátà náà ń gbé LED. Ẹni tó bá gbé iná metal halide 250W gbígbóná wá síbí lóṣù Mááṣì, ọbẹ̀ ẹja ló fẹ́ sè.

Bọ̀dá Akẹ́sán, Manchester
Bàbá, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbẹ láfún ní ọjọ́ kan, ẹ ò ṣe ṣí fèrèsé kí iyùn kàn jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Omi á di 33°C kó tó di aago 2, ewé á bo gíláàsì. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá Akẹ́sán, Manchester
A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí, sà. Iyùn ti wà lọ́rùn wa kó tó dénú táǹkì yín.

Àǹtí Calgary
Iyùn ọrùn ò gba PAR. Ẹ lọ jókòó.

Dọ́kítà Ẹja, Dublin
Ọ̀yọ́ ò ní òkun, Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní òkun, ẹ wá ń fi ẹja òkun jà. Ṣùgbọ́n Houston, oríkì yín ló kó bá ọ. Níbi tí wọ́n gbé ń jẹka kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan! O jẹ 100 kó o tó jẹ 30.

Ọmọ Àjílété, Houston
😂😂 Dọ́kítà, Ọlọ́run ń wò yín.

Àǹtí Calgary
Ẹ má dárúkọ ọka fún mi lálẹ́ yìí. Yìnyín dé orókùn níta. Láfún tí wọ́n ń tà níbí, bí ẹni ń jẹ bébà.

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tuntun sílẹ̀ níwájú ilé wa láàárọ̀ yìí, ó funfun ju Acropora ọmọ yìí lọ. Máńgòrò náà ti ń já fúnra rẹ̀ lóru. Ó ń bà lé páànù, gbì, gbì, a ò rí oorun sùn.

Bọ̀dá Akẹ́sán, Manchester
Bàbá, ìkà lẹ̀ ń ṣe yìí.

Ọmọ Àjílété, Houston
Ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn, ó ní ọjọ́ 3 ni, kì í ṣe 4. Ṣé kí n dá a padà?

Àǹtí Calgary
Bàbá, ẹ ya fọ́tò máńgòrò yẹn. Kí èèpo rẹ̀ hàn.

Bàbá Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Houston, nu abẹ́ iná yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi tí ò níyọ̀. Wáyà rẹ̀ ńkọ́, jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà, kí omi má tọ̀ ọ́ wọlé.

Ọmọ Àjílété, Houston
Mo ti gbé e ga sí íǹsì 11, ó wà ní 30%. Torch ti yọ ìka kan. Ìyàwó mi jí, ó ń bi mí pé kí ló dé tí pálọ̀ fi ṣókùnkùn.